Òkúta kì í wú: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ọlọ àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí ọlọ àtijọ́ bá kọ́kọ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n lọ̀ lórí rẹ̀ lè ṣì há sínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ̀rún sítáàṣì ọkà bálì tí wọ́n rí lára òkúta kan ní Ohalo II, ibùdó àwọn èèyàn àtijọ́ kan ní Ísírẹ́lì, ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 23,000 sẹ́yìn.

Láti mọ bí ọlọ ṣe jẹ tó, fọ́tò púpọ̀ la fi ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́ àwòṣe rẹ̀. Fọ́tò yíyà kò le. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun orí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdá 60 sí 80 nínú 100, kí ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, kí iná má sì kọ mànà níbi tó ti dán.

Nídìí ìfiwéra ni mo ti kọsẹ̀. Mo lọ ọkà lórí òkúta tuntun fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí n lè mọ bí ojú òkúta ṣe ń jẹ kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ti àtijọ́. Mo ya á ṣáájú, mo tún yà á lẹ́yìn, mo ní kí CloudCompare, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòṣe wéra, gbé àwòṣe méjèèjì léra. Àárín ti wọlé bí mo ṣe retí. Àmọ́ nínú àwọ̀ tí ètò náà fi ń ṣàfihàn ìyàtọ̀, etí rẹ̀ pọ́n yòò, ìyẹn ni pé ó ti ga sí i. Òkúta kì í wú! Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú kó tó yé mi. Kọ̀ǹpútà ń wá bí àwòṣe méjèèjì yóò ṣe súnmọ́ra níbi gbogbo, ló bá gbé èyí tó ti jẹ sókè díẹ̀, ó sì fi apá kan ohun tó jẹ pamọ́. Ìdí òkúta àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ọmọ ọlọ kò dé, ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, etí padà sí òdo, àárín sì jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má sì mú ojú àwòṣe jọ̀lọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìlà wẹ́wẹ́ tí lílọ̀ fi sílẹ̀ lójú òkúta, tí ẹ ń wá, lẹ ń pa rẹ́ yẹn.

Àwòṣe á sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, kò ní sọ ohun tó gbẹ́ ẹ. Ọlọ tó bá ti dán jù, wọn a máa fi òkúta líle lù ú lójú kó lè tún ṣe ṣákiṣàki, ìyẹn náà sì ń dín in kù. Ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo etí àwọn ihò kéékèèké tí lílù yẹn dá. Mo rí ọlọ kan tí etí àwọn ihò rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá lápá kan, tí òkè wọn kò tíì tẹ́ rárá. Ẹni tó lù ú lójú kò lọ nǹkan púpọ̀ níbẹ̀ mọ́.