Ọ̀nà Ni Ó Ń Sọ Iye Tí Irè Oko Wa Yóò Pa

Bí a bá ń wá ìdí tí ìlú kan fi là ju èkejì lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, akitiyan àwọn ará ìlú ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi tí mo ń gbé Àkúrẹ́ gbà pé ọ̀nà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé ẹni tí ọ̀nà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ títí, kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ìtàn Oǹdó fi èyí hàn. Nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ń ti ọ̀nà Èkó mọ́ àwọn ará òkè léraléra, ìjọba Èkó lábẹ́ Gómìnà Glover, tí àwọn baba wa ń pè ní Gólóbà, wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n gba orí ọ̀sà dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, wọ́n sì gba inú igbó kọjá sí Oǹdó, kí wọ́n tó máa lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà àti Ẹ̀kìtì. Ní 1872 ni àwọn Oǹdó tí ìjà abẹ́lé ti tú ká padà sí Òde-Oǹdó, Èkó sì ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn nítorí ọ̀nà yìí. Iyọ̀ àti aṣọ ń gòkè, epo pupa àti èkùrọ́ ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà kan náà ni Ẹ̀kìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Ẹ̀kìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó pawọ́ pọ̀ bá Ìbàdàn jà, sì gbà rí ìbọn ìgbàlódé nígbà ogun Kírìjì.

Ní 1892 Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà ibẹ̀ sì là. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì kọrí sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Kò ya ọ̀dọ̀ wa. Òṣogbo di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń kó ọjà jọ sí, nígbà tí kòkó tiwa ń dúró de alárùú, lẹ́yìn náà ó ń dúró de lọ́rì.

Ẹni tó bá dé àwọn oko inú igbó Ìdànrè lásìkò òjò yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ọlọ́kadà á di àpò kòkó kan tàbí méjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, á sọ̀kalẹ̀ létí odò, á ti alùpùpù náà lórí pákó méjì tí wọ́n fi ṣe afárá, á sì gba owó tó bá ewu náà mu. Bí ẹni tó ń ra kòkó bá wá sí ahéré fúnra rẹ̀, á ti yọ owó ọkọ̀ yẹn, á sì yọ owó ewu lé e, kí ó tó dá iye tí yóò san fún àgbẹ̀. Ọ̀nà tún ń yan ohun tí a ó gbìn: kòkó tó gbẹ dáadáa lè dúró de ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátò kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà sí títì ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó wà nítòsí. Lójú tèmi, èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n ní Àkúrẹ́ nígbà tí ó ń bàjẹ́ lóko.

Ọ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ dàgbà nítorí pé ọ̀nà Èkó sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, tí ọ̀nà Oǹdó sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá kò lè gbé ẹrù tí kò bá jáde láti oko. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ní owó tí kò tó nǹkan, ohun tí mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣe ni afárá oníkọnkéré sórí àwọn odò kéékèèké wọ̀nyẹn àti gọ́tà tí yóò darí omi kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀dà lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ tí omi kò bá wó, ọkọ̀ lè tọ̀ ọ́ kódà láìsí ọ̀dà.