Ẹni Tó Jókòó Náà Fẹ́ Wòran

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ wo eré àwọn onílù ní gbọ̀ngàn kan nílùú Àjàṣẹ́ wa yìí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú, a ó gbé yín wọlé," kí n sì tó sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti di àga oníkẹ̀kẹ́ mi mú, àwọn mẹ́rin ti gbé mi sókè. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún di ibi tí mo máa ń gbé apá lé mú, èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè máa yọ. Ó yọ sí i lọ́wọ́, àga náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àbúrò mi ló sì fi àyà gbà mí tí n kò fi ṣubú lu sìmẹ́ńtì.

Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, n kò sì bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n gbígbé ènìyàn bí ẹrù kì í ṣe ọ̀nà ìwọlé. Àga tèmi kò wúwo tó 20 kílò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé e. Ọ̀pọ̀ àga tó ń fi bátìrì rìn ló wúwo ju 100 kílò lọ kí ẹni tó ni ín tó jókòó sórí rẹ̀, kò sì sí ọ̀dọ́ mẹ́rin tí yóò gbé irú rẹ̀ gun àtẹ̀gùn láìṣe ara wọn léṣe.

Ìwọlé nìkan kọ́ sì ni ìṣòro náà. Wọ́n gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìn, nítorí pé àga oníke ti kún iwájú fọ́fọ́ láìsí àlàfo kankan. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rí gbogbo nǹkan dáadáa. Nígbà tí ìyáàlù wá sọ̀rọ̀, tí orin wọ ara, gbogbo ènìyàn dìde pa pọ̀, ìran sì parí fún mi. Ojú ẹni tó bá jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ láti ilẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ ni yóò sì máa wò títí wọn yóò fi tún jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn kò jókòó mọ́.

Ẹnì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé mo ṣáà gbọ́ orin. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo rò ó bọ̀, n kò sì lè gbà á. Nínú èdè wa, a kì í sọ pé a ń lọ gbọ́ eré. Wíwò ni a ń lọ wò ó. Onílù ń bá oníjó sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó ló sì ń dá a lóhùn. Akọrin ń ki ènìyàn, ẹni tí ó kì ń jáde láti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ojú rẹ̀ ń tàn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e jáde. Ẹni tí kò bá rí nǹkan wọ̀nyí ti pàdánù ìdajì eré náà, bí ó tilẹ̀ san owó tíkẹ́ẹ̀tì pé.

Kétu ni ìlú ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo wà nígbà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù mí, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sì wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Ẹ̀fẹ̀, apá òru nínú eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn oníbòòjú ń ṣe, nínú ọjà, pẹ̀lú ohùn akọrin tó ń ti inú òkùnkùn wá kí ìmọ́lẹ̀ tó bà á. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Nígbà tí mo dàgbà tí mo sì padà lọ pẹ̀lú àga mi, ohun tí mo ṣàkíyèsí ni bí agbo náà ṣe tò. Àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn ìyá àgbà jókòó sórí àpótí tẹ̀ lé wọn, àwọn tó lè dúró sì dúró lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ òfin kankan sára ògiri. Ìyá àgbà kan kàn fi ọwọ́ ti àwọn ọ̀dọ́ tó dí mi lójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n wòran.

N kò fẹ́ fi Kétu ṣe ohun tí kò jẹ́. Iyanrìn pọ̀ nínú ọjà, àwọn ẹsẹ̀ kékeré iwájú àga mi a máa rì sínú rẹ̀, àbúrò mi a sì ní láti dà mí sẹ́yìn díẹ̀, kí ó máa fi ẹ̀yìn fà mí lọ. Pákó pẹlẹbẹ díẹ̀ tí a bá tẹ́ sórí iyanrìn náà yóò tó. Àjọ àgbáyé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà tó tayọ ní ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ ènìyàn ní 2008. Èmi náà wà nínú ọmọ ènìyàn.

Òfin kò sì dákẹ́. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá láti ọdún 2012, abala 30 rẹ̀ sì sọ pé a ní ẹ̀tọ́ láti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré àti àṣà gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, a ní òfin tiwa, òfin 2017-06, tó dá lórí ààbò àti ìgbéga ẹ̀tọ́ wa. Ní ilẹ̀ Faransé, gbọ̀ngàn tí àga ibẹ̀ kò ju 50 lọ gbọ́dọ̀ ní ààyè méjì fún àga oníkẹ̀kẹ́, kí ó sì fi ọ̀kan kún un fún àádọ́ta-àádọ́ta tó bá lé. Ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ dé ibi tí ó dùn mí jù: níbi tí a bá mọ̀ pé àwọn òǹwòran yóò dìde dúró, ààyè àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọn yóò ti lè rí ìtàgé kọjá orí àwọn tó dúró.

Mo padà lọ sí gbọ̀ngàn náà nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 17, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 51. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé fún ìwọ̀n kan tí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá gùn sókè, kí ó gùn ní ìlọ́po 12 nílẹ̀, èyí tó jẹ́ mítà 6 àti díẹ̀ fún àtẹ̀gùn mẹ́ta yìí. Pákó mítà méjì tí àwọn kan máa ń gbé kalẹ̀ léwu, nítorí pé iwájú àga yóò gbéra sókè, ẹni tó wà lórí rẹ̀ yóò sì fi ẹ̀yìn lulẹ̀. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbàlá náà tó gba mítà mẹ́fà dáadáa.

Mo tún bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ há débi pé n kì í mu omi láti ọ̀sán bí mo bá fẹ́ lọ wo eré, àti lórí tíkẹ́ẹ̀tì àbúrò mi, ẹni tó jẹ́ pé tèmi ló bá wá. Ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùrànlọ́wọ́ kì í sanwó.

Ó bi mí pé, ṣé àwọn oníkẹ̀kẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóde eré? Mo dá a lóhùn pé kò lè rí wa níbi tí a kò lè dé. Mo sọ fún un nípa Staff Benda Bilili, àwọn olórin Kinshasa tí púpọ̀ nínú wọn ń lo kẹ̀kẹ́ nítorí àrùn tó mú èmi náà, tí wọ́n gbé àwo wọn jáde ní 2009 tí wọ́n sì kọrin káàkiri Yúróòpù. Bí wọ́n bá wá sí Àjàṣẹ́, ta ni yóò gbé wọn gun ìtàgé rẹ̀?

Ó gbà láti ṣe ohun kan lójú ẹsẹ̀. Ní eré oṣù Kejì, wọ́n kan pèpéle pákó kan sápá òsì, wọ́n yọ àga oníke mẹ́fà kúrò, èmi àti ìyá àgbà kan tó ń lo ọ̀pá sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo ènìyàn dìde, mo sì ń rí ọwọ́ onígángan, bí ó ṣe ń fún ọsán ìlù náà mọ́ abẹ́ apá rẹ̀ kí ohùn tó yí padà. Nígbà tí eré parí, àwọn mẹ́rin tún gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ìwé tí mo kọ ìwọ̀n àtẹ̀gùn náà sí lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó sì ní bíríkìlà yóò wá lẹ́yìn Àjíǹde.