Kí Ẹ Tó Gbà Pé AA Ni Yín

Kí n tó ṣègbéyàwó, láàbù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá ni mo ti ṣe jẹ́nótáìpù. Wọ́n kọ AA sínú ìwé mi gàdàgbà. AS ni ọkọ mi. Pásítọ̀ wo ìwé méjèèjì, ó ní kò séwu, a sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọmọ wa obìnrin pé ọdún mẹ́fà kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó fọwọ́ méjèèjì di itan rẹ̀ mú. Kò tilẹ̀ sunkún, ó kàn ń pe "Mọ́mì, Mọ́mì" wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní SC ni, ìyẹn oríṣi àrùn sickle cell kan.

AA àti AS kò lè bí SC, torí kò sí C lára àwọn méjèèjì. Ìyá ọkọ mi ò bú mi o, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹni tó bá ti gbé inú ẹbí ọkọ rí mọ ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ní kí n lọ ṣe electrophoresis, èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ya àwọn oríṣi hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, bíi A, S àti C, sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. AC ni mo jẹ́! Àwọn àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé S nìkan ni wọ́n ń wá. Tí wọn ò bá ti rí S, wọ́n á kọ AA. Ọjọ́ tí mo mú èsì náà délé, ìyá ọkọ mi fi oríkì pè mí: "Àṣàkẹ́, má bínú."

C kì í ṣe àjèjì láàrin àwa Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà Búkínà Fásò àti àríwá Gánà ló ti pọ̀ jù. AC kì í pa ẹni tó ní in lára. Ìgbà tí C bá pàdé S lára ọmọ ni wàhálà dé. SC kì í sábà le tó SS, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú àti egungun ìbàdí jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ra yín, ẹ jọ̀ọ́, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti ṣe jẹ́nótáìpù. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé àyẹ̀wò yìí ń rí C?" Tí wọ́n bá ń wò yín sùn-ùn, ẹ gba ibòmíràn lọ. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ẹ sọ fún wọn, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè da èsì rú. Tí ìwé ọmọ ò bá sì bá ti òbí mu, ẹ kọ́kọ́ tún ẹ̀jẹ̀ òbí yẹ̀ wò kí ẹ tó fura sí ìyá.

Àbúrò mi ọkùnrin ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́. Ó lọ ṣe tirẹ̀ ní UCH lọ́sẹ̀ tó kọjá. AC lòun náà.