Sáà Mélòó, Ọdún Mélòó: Bí Houston Ṣe "Dín" Sáà Kù

"Níbi tẹ́ ẹ ti wá, ẹni tó bá ti gun orí àga kì í sọ̀ mọ́." Yorùbá mélòó ló wà ní Houston tí wọn ò tíì fi ọ̀rọ̀ yìí gún rí níbi iṣẹ́, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán? Ó máa ń ta ni lára, torí irọ́ pátápátá kọ́. Àmọ́ ẹni tó bá tún sọ ọ́, ẹ bi í léèrè Proposition 2, ìbéèrè kejì tí wọ́n fi síwájú ará ìlú Houston lórí ìwé ìdìbò ní November 3, 2015.

Nílé, nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sáà kẹta dé, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ilé Aṣòfin Àgbà pa á ní May 16, 2006, ó parí. Ti Houston, gírámà ni wọ́n fi ṣe é.

Láti 1991 ni òfin ìlú ti sọ pé sáà mẹ́ta, ọlọ́dún méjì-méjì, ni méyọ̀, kọ̀ntírólà (ẹni tó ń bójú tó ìnáwó ìlú) àti ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú lè lò. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ìwé ìdìbò 2015 wá ní ṣé kí àwọn dín iye sáà kù sí méjì, ọlọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin. "Dín kù" lojú rí, lọwọ́ bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mẹ́fà ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́rin, mẹ́jọ. Ẹni tó wà ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ nígbà náà tún láǹfààní sáà tuntun méjì lórí èyí tó ti lò: méjì, mẹ́rin, mẹ́rin, ọdún mẹ́wàá! Ìgbìmọ̀ ìlú fúnra wọn ló gbé e síwájú ará ìlú. Ariwo Proposition 1, ti òfin ìlú tó ní kí wọ́n má ṣe ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni, bò ó mọ́lẹ̀, ó sì wọlé. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ ìbò náà ò yí padà. Kábíyèsí tí kì í lo sáà kúkú sàn, òun ò tanni.

Tírú ẹ̀ bá tún dé, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wá nínú ẹ̀: sáà mélòó, ọdún mélòó ní sáà kan, àti ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta yẹn lọgbọ́n máa ń pamọ́ sí. Ní New York, nígbà tí ará ìlú dá sáà padà sí méjì lọ́dún 2010, àwọn tó ti wà nípò ṣì jẹ mẹ́ta wọn. Kí ọ̀rọ̀ tó dórí ìwé ìdìbò ní Houston, ìgbìmọ̀ lè gbé e kalẹ̀, ará ìlú náà sì lè kó ìbuwọ́lù 20,000 jọ.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà lè dìbò lórí iye ọdún tí ẹni tó ń bójú tó gọ́tà Alief, àdúgbò kan ní Houston, máa lò. Ìjẹ̀bú tó kọ́lé sí, tó sin ìyá rẹ̀ sí, kò ní ìbò kankan níbẹ̀ tí kò bá wọ bàálù lọ. Ìbò ilé, orí WhatsApp ló ti ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó jẹ́ green card nìkan ló ní, kó má dán an wò o. Tí òṣìṣẹ́ DPS, iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń ṣe license ọkọ̀, bá ń ṣe é fún yín, tó béèrè wéréwéré bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, "rárá" ni. Ìbò kan ṣoṣo lè sọ èèyàn dẹni tí wọ́n lé padà sílé.

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, kó forúkọ sílẹ̀ ó kéré tán ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìbò. Wọn ò gba fóònù láàárín ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sí ibi ẹ̀rọ ìdìbò, nítorí náà ẹ kọ èrò yín sínú bébà kẹ́ ẹ tó lọ. Òfin ò kọ ìyẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá làwọn proposition máa ń wà, lẹ́yìn adájọ́ rẹpẹtẹ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń rẹ èèyàn. Nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀rọ á tẹ bébà jáde. Ìbò ò tíì parí o. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ mú un lọ sí ẹ̀rọ kejì, kẹ́ ẹ kì í bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ bébà méjì ló jáde, méjèèjì ni.