Mítà ò purọ́, èmi ni mi ò bi í léèrè dáadáa

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ fi oòrùn àti èèpo gbágùúdá ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Lọ́dún 2014, Yulin Deng àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Georgia Tech, ní Amẹ́ríkà, ṣe fuel cell kan, ìyẹn ohun tó ń sọ oúnjẹ tí a bá fún un di iná mànàmáná; èyí ń jẹ igi lílọ̀, koríko àti sitáàṣì. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní polyoxometalate ló ń ṣe é. Bí ẹ bá pò ó mọ́ sitáàṣì nínú omi, tí ẹ gbé e sóòrùn, á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná, lára sitáàṣì náà, omi tó pọ́n bí ìyeyè á dú bí aró. Tó bá kan kábọ́ọ̀nù, á tú ohun tó gbà sínú waya, á sì tún pọ́n padà. Lápá ibẹ̀, wọn ò nílò platinum, irin olówó gọbọi, tí ìdọ̀tí máa ń tètè bà jẹ́.

Nígbà tí èmi náà ṣe tèmi, tí omi rẹ̀ di aró, mi ò lè sùn. (Ásíìdì ni o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.) Mítà tí mo fi ń wọn iná ní 0.4 volt. Mo so márùn-ún pọ̀, ó di 2, mo wá pe àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wo bó ṣe máa tan LED, gílóòbù pupa kékeré kan. Kò tàn. Mo yọ ọ́, mítà tún ní 2.

Ká bi èèyàn pé eélòó ló wà lápò ẹ̀, ká sì ní kó yá wa lówó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mítà kàn ń béèrè ni. LED ló fẹ́ gbowó. Ẹ so rẹsísítọ̀, ohun tó ń dí iná lọ́nà, mọ́ fuel cell yín, ńlá àti kékeré, kí ẹ máa wọn volt lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá mi tún bi mí pé: "Ìmọ́lẹ̀ ni àbí ooru?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo fi aṣọ dúdú wé ìgò kan, mo gbé e sínú omi gbígbóná, òun náà di aró. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí kí n má ro ti ooru tó ń ṣòfò nídìí agbada.

Ti àwọn Deng ò ju mílíwáàtì 0.72 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Mítà kan níbùú lóròó á wá jẹ́ wáàtì 7.2, gílóòbù kan péré. Mo ti kọ "iná fún abúlé" sí àkọlé iṣẹ́ mi kí n tó ṣe ìṣirò yìí. Ọ̀gá mi fi bírò pupa fàlà sí i nídìí, kò sọ nǹkan kan.