Ọkọ̀ ojú omi ló gbé mi káàkiri Bangkok

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ lè rí Bangkok, olú-ìlú Thailand, dáadáa, bó bá ti lè wọ ọkọ̀ ojú omi. N kò wọ takisí kankan lónìí. Odò Chao Phraya ni mo gbà láàárọ̀, nínú ọkọ̀ tó ta àsíá aláwọ̀ ọsàn. Owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi báàtì 16 lọ, ìyẹn owó ilẹ̀ Thailand.

Mo sọ̀ ní èbúté Tha Tien, mo fẹsẹ̀ rìn dé Wat Pho, tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Ère Búdà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀ gùn tó mítà 46, ó ń dán fún wúrà. Ìdí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù: ìkarahun òkun tó ń kọ mànà ni wọ́n fi ṣe ọnà 108 sí i. Abọ́ idẹ 108 tún tò lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn èèyàn ń ju owó ẹyọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé ń dún kẹrẹn-kẹrẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sáré kúrò níbẹ̀.

Mo jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran àti ewé olóòórùn dídùn lójú títì. Ata rẹ̀ ta gan-an!

Nírọ̀lẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Saen Saep, odò tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ìlú. Omi rẹ̀ dúdú, èrò ọkọ̀ ló sì ń fa ọ̀rá sókè kó má baà ta sí wọn lára. Àwọn agbowó ọkọ̀ dé akoto, wọ́n ń rìn létí ọkọ̀ bó ṣe ń sáré, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ bí afárá bá ti dé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn tọkàntọkàn.