Ìwé Ìrìnnà Méjì, Ìbéèrè Kan: Bí Mo Ṣe Gba Ìwé Àṣẹ Ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà

Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí nígbà tí bàbá mi ń kàwé lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo gbọ́n sí, nítorí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí àwọn òbí mi fi kó wa padà wálé. Ọmọ Amẹ́ríkà ni mí torí pé orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Nàìjíríà sì ni mí, nítorí abala 25 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà ìbí rẹ̀. N kò fi owó ra ọ̀kankan nínú méjèèjì, n kò sì rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan pamọ́.

Nígbà tí mo rí ààyè láti kàwé gboyè kejì ní Kánádà lọ́dún 2025, ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ni mo pinnu láti lò. Ọmọ Amẹ́ríkà kò nílò físà láti wọ Kánádà, kì í tẹ ìka, nítorí náà kì í san dọ́là Kánádà 85 tí wọ́n ń gbà fún un; 150 tí wọ́n ń gbà lórí ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò san. Ìwé tí wọ́n ṣe fún mi ní kékeré ti kú tipẹ́, nítorí ọdún márùn-ún péré ni ti ọmọdé máa ń lò, mo sì ní láti fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Victoria Island kí wọ́n tó ṣe ti àgbàlagbà fún mi.

Inú fọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ ti wá di líle. Ní ọdún 2019, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Toronto, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún físà àbẹ̀wò, wọn kò sì fún mi. Fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ wá ń béèrè bóyá Kánádà tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ̀ láti fún mi ní físà tàbí ìwé àṣẹ rí. Àjẹ́ǹtì tó ń bá mi ṣètò ìwé sọ pé, “Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n kọ̀ fún nígbà yẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà ló ń bẹ̀bẹ̀ báyìí. Kọ ‘rárá’ síbẹ̀.”

Ìmọ̀ràn yẹn dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di òní, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń gbà nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè yẹn, wọn kò bi ìwé ìrìnnà. Ọjọ́ ìbí mi kò yí padà, ìtẹ̀ka tí mo ṣe lọ́dún 2019 sì wà lọ́wọ́ wọn. Abala 40 nínú òfin ìwọ̀lú Kánádà sọ pé ẹni tó bá purọ́ tàbí tó fi ohun tó ṣe pàtàkì pamọ́ kò ní lè wọ ìlú náà fún ọdún márùn-ún. Mo kọ “bẹ́ẹ̀ ni”, mo sì kọ lẹ́tà ojú ewé kan tí mo fi ṣàlàyé ìgbà tí mo bẹ̀bẹ̀, ìwé tí mo lò, ìdí tí wọ́n fi kọ̀, àti pé èmi kan náà ni mo ni ìwé ìrìnnà méjèèjì, tí mo ya ẹ̀dà wọn mọ́ ọn.

Orúkọ pàápàá fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi àgbà sọ mí ló wà nínú ti Amẹ́ríkà, èyí tí ìyá mi àgbà sọ mí ni wọ́n kọ sí ti Nàìjíríà, òun náà ló sì wà lórí ìwé ẹ̀rí WAEC àti ti yunifásítì mi. Ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn ni mo fi so wọ́n pọ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwa tí a bí sí Amẹ́ríkà kì í fura sí. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ń wò fún àyẹ̀wò ìlera. Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà léraléra láàárín ọdún kan sẹ́yìn, tó sì fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ ní Kánádà, gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ìjọba wọn fọwọ́ sí, ìwé ìrìnnà yòówù kó dì mọ́wọ́. Èkó ni mo ti ṣe tèmi. Ní ti owó, 20,635 dọ́là Kánádà ni wọ́n ní kí n fi hàn nígbà náà, yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ìrìnàjò.

Òfin gba ọmọ Amẹ́ríkà láyè láti bẹ̀bẹ̀ ní ẹnu ibodè gan-an, mo sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kí n má baà dúró pẹ́. Ìyá mi ló dá mi lẹ́kun. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ ru ẹrù dé ẹnu ọ̀nà onílé kí o tó bi í bóyá yóò gbà ọ́ sílé?” Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti bẹ̀bẹ̀, láti Ìbàdàn.

Ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, mo fi ti Nàìjíríà han àwọn aṣọ́bodè wa, mo sì fi ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú lẹ́tà ìfọwọ́sí láti Kánádà han àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ní Toronto, òṣìṣẹ́ tó gbà mí béèrè nípa ọdún 2019. Mo dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ó tẹ ìwé àṣẹ náà jáde, mo sì ka orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò níwájú rẹ̀.